Ẹ má kọ "dúdú-funfun" kí ẹ sì fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú làálàá. Ìkéde ológbò tó sọnù ló gbé ìwé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́ ni pé: "Ológbò dúdú-funfun kan sọnù, ẹni tó bá rí i kó kàn sí wa." Kí ni ẹni tó kà á fẹ́ fi dá a mọ̀? Ológbò tó dúdú tó sì funfun kò lóǹkà. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: "aláwọ̀ mẹ́ta" ni wọ́n á kọ síbẹ̀, tàbí "pupa", ó parí. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ológbò ní ètò tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò náà lè fi gbólóhùn méjì ṣàpèjúwe ológbò débi pé ẹni tí kò rí i rí yóò dá a mọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ètò náà ni pé èròjà àwọ̀ la kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà bó ṣe ki tó, lẹ́yìn náà ìlà ara, funfun ló sì ń kẹ́yìn. Orí funfun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń kọ́kọ́ wọ ojú. Ibẹ̀ gan-an ni àpèjúwe ti ń dàrú.

Èròjà àwọ̀ méjì péré ló wà nínú irun ológbò: ọ̀kan dúdú, èkejì pupa. Ara àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo àwọ̀ yòókù ti yọ, ì báà ṣe eérú, ṣokoléètì, tàbí kírímù. Funfun kì í ṣe àwọ̀ kẹta. Ibi tí irun bá ti funfun, èròjà àwọ̀ kò dé ibẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ má bèèrè pé àwọ̀ mélòó ni ológbò ní. Ẹ bèèrè pé: dúdú ni, pupa ni, àbí ó ní méjèèjì?

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé àwọ̀ náà ki ni àbí ó ṣí? Jíìnì kan, ìyẹn ohun àjogúnbá tí òbí ń fún ọmọ tó ń pinnu bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí, wà tó ń jẹ́ kí èròjà àwọ̀ ṣù jọ nínú irun dípò kó tàn káàkiri rẹ̀. Bó bá ti ṣù jọ bẹ́ẹ̀, dúdú á ṣí di eérú, pupa á ṣí di kírímù. Ológbò ní láti gba jíìnì yìí lọ́dọ̀ baba, kó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, kó tó hàn lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí akọ dúdú àti abo dúdú fi lè bí ọmọ eérú láìjẹ́ pé akọ mìíràn yọ́ wọlé. Àwọn tó ń sin ológbò fún ìdíje a máa pe eérú yìí ní búlúù. Ẹni tó bá rí "búlúù" nínú ìwé ológbò, kó má ṣe retí àwọ̀ ojú ọ̀run.

Dúdú tún ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà yí padà. Ó lè di ṣokoléètì, tàbí kó tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pọ́n bí ìgò ọtí. Ìwọ̀nyí wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń sìn nítorí àwọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀ lára ológbò tí kò ní ìwé ìran. Nítorí náà, ẹ má sáré kọ "ṣokoléètì". Lọ́pọ̀ ìgbà, ológbò dúdú tí oòrùn ti pa ni ẹ̀ ń wò. Oòrùn a máa sọ ṣóńṣó irun dúdú di pupa rúsúrúsú, ní ẹ̀yìn àti ní ìhà ara jù lọ. Oúnjẹ náà lè fà á: ara nílò tírósììnì, èyí tó wà nínú oúnjẹ afáralókun, láti fi ṣe èròjà dúdú, bí kò bá sì tó, dúdú á máa pọ́n. Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ kò le rárá. Ẹ ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ti ológbò tí oòrùn pa ṣì dúdú nísàlẹ̀. Ẹ tún yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹ sì wo imú rẹ̀. Dúdú ni imú àti àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò dúdú, ti ṣokoléètì kì í dúdú láéláé.

Ìta gbangba, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, ni kí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò yìí. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n á sọ eérú di búráùn lójú yín, iná kámẹ́rà fóònù á sì jẹ́ kí dúdú rí bíi pé ó pọ́n.

Ó wá kan ìlà. Gbogbo ológbò pátá ló ní jíìnì ìlà lára, títí kan èyí tó dúdú kirikiri. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn kan ní jíìnì tó bo ìlà náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọmọ ológbò dúdú sínú oòrùn, ẹ lè rí òjìji ìlà ní ìhà rẹ̀ àti ní ìrù rẹ̀, kó tó dàgbà tí yóò pòórá. Ẹ má tìtorí ìyẹn kọ "abilà" sínú káàdì rẹ̀. Ojúlówó abilà, ẹyọ irun kan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ mú irun tó wà láàárín ìlà méjì, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ìdí dé ṣóńṣó. Bó bá dúdú, tó tún pọ́n díẹ̀, tó tún dúdú, abilà ni. Irun inú ìlà fúnra rẹ̀ máa ń dúdú láti ìsàlẹ̀ dókè.

Oríṣi mẹ́rin ni ìlà náà. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ìlà tóóró-tóóró tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ikùn. Èkejì ni ìlà fífẹ̀ tó lọ́ yípo, tó máa ń ṣe òbìrìkìtì ní ìhà, tó sì máa ń ya àwòrán bíi labalábá sí èjìká. Ẹ̀kẹta jẹ́ tótòtó. Ẹ̀kẹrin kò ní ìlà kankan lára, ojú, ẹsẹ̀ àti ìrù nìkan ni ìlà ti hàn, ìyókù ara rẹ̀ á kàn rí bí ara ehoro igbó. Jíìnì kan ṣoṣo ló ń pinnu bóyá ìlà yóò tóóró tàbí yóò fẹ̀, àwọn onímọ̀ dá a mọ̀ ní 2012, ìlà fífẹ̀ sì ni èyí tó ní láti ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá. Ní 2021, ìwádìí mìíràn fi hàn pé inú awọ ọlẹ̀ ni àpẹẹrẹ ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, kí irun kankan tó hù. Ìdí nìyẹn tí ìlà kì í fi kúrò ní ipò rẹ̀ bí irun tilẹ̀ já tó tún hù.

Kí n yà síbí díẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti kọ pé ológbò àwọn ní àmì "M" níwájú orí, bíi pé àmì ìdánimọ̀ ni. Gbogbo abilà ló ní in, oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá fi M wá ológbò, ó lè wá a títí di àsìkò tí ológbò náà yóò fi padà wálé fúnra rẹ̀. Ìhà ara ló yẹ kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ sì wo méjèèjì, torí ọ̀tún kì í bá òsì dọ́gba. Ìlà kan lè já sí méjì lápá òsì, kó sì gùn gbọọrọ lápá ọ̀tún; irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkéde.

Ológbò pupa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Jíìnì tó ń bo ìlà mọ́lẹ̀ lára dúdú kò lágbára lórí pupa. Nítorí náà, kò sí ológbò pupa tí ẹ ò ní rí ìlà lára rẹ̀ bí ẹ bá wò ó dáadáa, bí kò bá ṣe níwájú orí, á jẹ́ ní ìrù tàbí ní ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kọ "pupa, kò ní ìlà", ẹ ti ṣi ẹni tó ń wá a lọ́nà. Ẹ kọ oríṣi ìlà tó wà ní ìhà rẹ̀. Bó bá sì ti ń dàgbà, àmì dúdú kéékèèké a máa yọ sí imú rẹ̀, ètè rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sì ń dun ún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, kí àwòrán tí ẹ yà nígbà tó wà lọ́mọdé má bàa mú yín jiyàn pé òun kọ́ nìyí.

Jíìnì pupa yìí wà lórí kúrómósóòmù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì. Akọ ní X kan àti Y kan. Bí X rẹ̀ bá gbé pupa, ó pupa, bí kò bá gbé e, ó dúdú. Abo ní X méjì, ó sì lè gba pupa lọ́dọ̀ òbí kan kó gba dúdú lọ́dọ̀ èkejì. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, X kan á máa ṣiṣẹ́, èkejì á sùn. Láti ara eku ni Mary Lyon, onímọ̀ nípa jíìnì, ti ṣàlàyé èyí ní 1961. Ibi tí X pupa bá ti ń ṣiṣẹ́, irun á pupa, ibi tó bá ti sùn, irun á dúdú, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rí ológbò àdàlù. Ní 2025, ikọ̀ onímọ̀ méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Japan, tẹ̀ ẹ́ jáde pé ègé DNA kan tó tó nǹkan bí lẹ́tà 5,000 ló já kúrò nínú jíìnì ARHGAP36 lára àwọn ológbò pupa.

Ìwúlò èyí fún ẹni tó ń kọ káàdì pọ̀. Ìyá pupa pẹ̀lú baba dúdú: gbogbo ọmọkùnrin wọn á pupa, gbogbo ọmọbìnrin wọn á jẹ́ àdàlù. Ìyá dúdú pẹ̀lú baba pupa: ọmọkùnrin á dúdú, ọmọbìnrin á jẹ́ àdàlù. Ìyá dúdú kò lè bí ọmọkùnrin pupa, torí ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọkùnrin ti ń gba X. Abo tó pupa látòkè délẹ̀, baba rẹ̀ pupa dandan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kọ "akọ, àdàlù" sínú ìwé, kó kọ́kọ́ gbé ìrù ológbò náà sókè kó tún wò ó. Abo ló máa ń jẹ́ nígbà púpọ̀. Akọ àdàlù wà lóòótọ́, èyí tó ní X méjì àti Y kan ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọn kì í sì í sábà bímọ.

Apá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ pín àdàlù sí bí ẹ bá ń kọ ọ́. Ẹ wo apá dúdú: ṣé ó ní ìlà àbí kò ní? Pupa rẹ̀ á ní ìlà lọ́nàkọnà, a ti sọ ìdí rẹ̀ lókè. Àdàlù tí kò ní funfun, àwọ̀ rẹ̀ a máa wọnú ara wọn kéékèèké bí ẹni tó bu irun pupa wọ́n ara dúdú. Bí funfun bá wọ̀ ọ́, àwọ̀ á pín sí abala gbàǹgbà-gbàǹgbà, tí kálukú á dá dúró. Ohun tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀yà o. Ẹ̀yà tí irú àwọ̀ yìí lè wà lára rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ojú ń fò dá jù ni àdàlù tó ṣí, eérú àti kírímù. Wọ́n á ní "eérú tó dọ̀tí". Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá rí abala kírímù kan péré níbẹ̀, àdàlù ni.

Ó wá ku funfun. Nígbà tí ológbò ṣì wà nínú ìyá, ìtòsí ọ̀pá ẹ̀yìn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àwọ̀ ti ń gbéra, wọ́n á máa rìn lọ sí ibi tó jìnnà. Bí jíìnì kan tó ń jẹ́ KIT bá dí wọn lọ́wọ́, àwọn ibi tó jìnnà jù kò ní rí wọn: ìka ẹsẹ̀, àyà, ikùn, àgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí funfun fi máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, tí ẹ kì í fi rí ológbò tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun tí ikùn rẹ̀ sì dúdú. Ó lè jẹ́ tóńtó kan láyà, ó lè bo ìdajì ara, ó sì lè gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ á fi ku orí àti ìrù nìkan. Irun dúdú lè pọ́n nínú oòrùn, ológbò lè sanra, ó lè rù, ṣùgbọ́n ààlà funfun kì í sún. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní àyè láti kọ nǹkan mìíràn, ẹ kọ èyí: ẹsẹ̀ wo ló funfun, ibo ló funfun dé? Ìka ni, ọrùn ẹsẹ̀ ni, àbí orúnkún? Ṣé funfun ojú rẹ̀ gun imú kọjá, àbí apá kan ló yà sí? Ológbò dúdú-funfun méjì kì í bá ara wọn dọ́gba lórí ìbéèrè wọ̀nyí.

Èyí tó funfun báláú látòkè délẹ̀ ń bo àwọ̀ mìíràn mọ́ra ni. Abẹ́ funfun náà, dúdú lè wà, pupa lè wà, a kàn ń rí aṣọ òkè ni. Nígbà mìíràn ọmọ rẹ̀ á ní àbààwọ́n dúdú tàbí eérú kan lórí, èyí tó ń parẹ́ bó ṣe ń dàgbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ló ń sọ ohun tó wà lábẹ́. Pàtàkì jù, ẹ yẹ etí ológbò funfun wò. Irú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àwọ̀ wà lára ohun tí etí inú nílò, torí náà adití wọ́pọ̀ láàárín wọn, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ́ búlúù. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti rí yín, kí ẹ pàtẹ́wọ́ láìjẹ́ kí atẹ́gùn ọwọ́ yín kàn án. Bí etí rẹ̀ kò bá mì, ẹ sọ fún dókítà ẹran, kí ẹ sì kọ "adití" sínú ìkéde. Òfo ni orúkọ tí wọ́n á máa pè kiri lójú títì.

Àwọn kan wà tí ìdí irun wọn funfun, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì ní àwọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdámẹ́jọ irun péré ló ní àwọ̀ lókè, ológbò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bíi funfun. Bó bá tó ìdámẹ́ta, á dà bíi pé wọ́n da eérú lé e lórí. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á dà bí ológbò dúdú lásán, àfi ìgbà tó bá ń rìn tí irun rẹ̀ sì ń là. Fífi ọwọ́ ya irun nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ròyìn ní 2024 láti Finland: ìdí irun rẹ̀ dúdú, ó sì ń funfun lọ sí ṣóńṣó. Ẹ má fi ọmọ ológbò ṣe ìdájọ́ yìí o. Bí ara ìyá rẹ̀ bá gbóná nígbà oyún, ọmọ lè wáyé pẹ̀lú irun eérú fífúyẹ́ tí yóò já kúrò láàárín oṣù díẹ̀, tí ojúlówó àwọ̀ rẹ̀ á wá yọ.

Ti àwọn tí ara wọn mọ́ tí ojú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù wọn sì dúdú kò gba àlàyé púpọ̀: èròjà àwọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti tutù nìkan, nítorí náà funfun ni wọ́n ń bí wọn. Kìkì pé bí dókítà bá fá irun ikùn wọn fún iṣẹ́ abẹ, irun tuntun lè kọ́kọ́ dúdú níbẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì ara, yóò padà bọ̀ sípò.

Ojú ọmọ ológbò, búlúù ni gbogbo wọn ń gbé wáyé. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta kí ẹ tó kọ àwọ̀ ojú.

Bí ìkéde tó péye ṣe máa rí nìyí, kò sì ju ìlà mẹ́rin lọ nínú ìwé ìròyìn yín: "Abo, irun kúkúrú. Àdàlù tó ṣí, eérú àti kírímù. Eérú rẹ̀ kò ní ìlà, kírímù rẹ̀ ní ìlà tóóró. Funfun ní àgbọ̀n, àyà, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dé orúnkún. Ojú aláwọ̀ ewé." Kí àwòrán mẹ́ta bá a lọ: ìhà ọ̀tún, ìhà òsì, àti ojú. Bí àyè kò bá gba mẹ́ta, kí ẹ lo ti ìhà tí ìlà rẹ̀ tàbí funfun rẹ̀ ṣàjèjì jù.

Kí ẹni tó ni ín sì fi àmì kan pamọ́, kó má kọ ọ́ sínú ìkéde rárá, irú bí àtẹ́lẹsẹ̀ kan tó pọ́n láàárín àwọn tó dúdú. Ẹni tó bá pè pé òun ti rí i, òun ń gba owó kí òun tó gbé e wá, kó kọ́kọ́ sọ àwọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú ológbò kan